Ọjọ́ Tí Mo Rún Iyán Lẹ́nu

Ọjọ́ tí mo rún iyán lẹ́nu níwájú Ìyá Àgbà ní Datcha, ìlú wa, kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ wa kọ́ wa pé láti ẹnu ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó ní tí a bá rún iṣu pẹ́, itọ́ á sọ ọ́ di ṣúgà.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà ti gún iyán. Mo bu òkèlè, mo ń rún un. Nílé wa, gbígbé la ń gbé iyán mì. Ni Ìyá Àgbà bá figbe ta.

“Yéè! Ọ̀fun ọmọ mi ti dí!”

Ó ń gbá mi lẹ́yìn, omijé ti lé sí i lójú. Mo yára gbé e mì.

“Ìyá Àgbà, kò sóhun tó ṣe mí! Ṣúgà inú rẹ̀ ni mò ń wá.”

Mo wá ṣàlàyé fún un pé ìfun ló ń parí iṣẹ́ tí ẹnu bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á sì gbé ṣúgà náà lọ sí apá àti ẹsẹ̀, á di agbára níbẹ̀.

Ó wo apá tó fi gún iyán, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyẹn ni pé iṣu tí mo jẹ lánàá ló bá mi gún tòní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà.”

Ó bu iyán ńlá kún tèmi. “Ó yá, jẹun dáadáa, ọkọ mi. Ìwọ lo máa gún tọ̀la.”