Ìgò Kẹsàn-án

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pè é síwájú ìgbìmọ̀ fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà tún ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wo iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀. Irinwó lé méjìlá, fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo. Àwọn kan wà ní ẹ̀ka ìwádìí oògùn tí wọ́n kọ ogójì àpilẹ̀kọ, tí ìtọ́kasí gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò tó ìdajì iye yẹn. Síbẹ̀ inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti ka àwọn ìtọ́kasí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń wí: ẹ wo irú àṣìṣe tó yẹ kí á sá fún. Bí ìyá ṣe ń dárúkọ olè àdúgbò fún ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ Dókítà.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni, nígbà tó ń wá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò kò le. Wọ́n á fi kòkòrò àrùn sínú ìgò kéékèèké, wọ́n á fi oògùn sí i, wọ́n á wá kán aró búlúù lé e. Bí kòkòrò bá wà láàyè, aró á di pupa. Bó bá ti kú, búlúù náà ni aró máa wà. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìgò tí oògùn tuntun rẹ̀ wà nínú wọn ló dúró ní búlúù. Dókítà fò sókè bí ọmọdé.

Bàbá Onígò, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó yàrá ìwádìí, kò fò. Ó gbé ìgò kan lọ sójú fèrèsé.

"Dókítà, ẹ wo ìkẹsàn-án yìí. Oògùn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Mi ò kán aró sí i rárá, ó sì ti di búlúù fúnra ẹ̀."

"Ẹ ti gbàgbé ni, Bàbá. Ẹ ti kán an sí i."

"Mi ò gbàgbé. Mo rò pé àwọ̀ oògùn yín gan-an ló ń…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ ìgò yín."

Bàbá lọ fọ ìgò. Jọ́nà ńlá kan, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, gbé iṣẹ́ náà jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ Dókítà ní Ìyá Aláró, ìyá tó bí i lọ́mọ sì ń sọ fún gbogbo ayálégbé pé ọmọ òun ti rí oògùn ikọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló tún ìdánwò náà ṣe fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ wá já a. Kòkòrò wà láàyè, ara wọn le koko. Oògùn fúnra rẹ̀ ló ń di búlúù nínú ìgò, tó ń bo pupa aró mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó dúró wòran. Ó kọ àtúnṣe, ó gbà pé òun ṣìnà. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n tọ́ka sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe méjì. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ síbẹ̀ ni pé ẹnì kan ti kìlọ̀ fún òun.

"Irinwó lé méjìlá," ni alága ìgbìmọ̀ wí. "Ta ló tún ní irú ẹ̀ láàárín wa?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Èébú ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìrẹ̀lẹ̀ yín pọ̀ jù. Ẹni táyé ò mọ̀, ta ló máa bú u? Fọ́ọ̀mù ò béèrè bóyá wọ́n yìn yín, iye ló béèrè." Alága na bírò sí i.

Dókítà lè kọ̀. Ó mọ̀ pé òun lè kọ̀. Ó rántí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n ti fò ó dá, ó rántí ìyá rẹ̀ tó ti ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n láti àná, ó sì fọwọ́ sí i. Ojú tì í bó ṣe ń fọwọ́ sí i.

Nígbà tó dé yàrá ìwádìí, Bàbá Onígò wà nídìí omi. Oṣù méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ kú oríire, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Bàbá, ṣé ẹ rántí ìgò kẹsàn-án?"

Bàbá ń fọ ìgò lọ, kò gbójú sókè. "Ẹ ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Òun nìkan ni mi ò fọ̀."

Ó fi àgbọ̀n júwe pẹpẹ òkè. Ìgò náà wà níbẹ̀, ó dí pa, eruku bo ìdérí rẹ̀. Bàbá ti fi ìwé lẹ̀ ẹ́ lára, ó kọ déètì ọjọ́ náà síbẹ̀, ó sì kọ "kò sí aró" sábẹ́ rẹ̀. Búlúù ni síbẹ̀.