Mílíìkì tí Áńtíbọ́dì Kọ̀

Dúdú bí ìdí ìkòkò ni abala náà jáde. Rúkáyátù, akẹ́kọ̀ọ́ wa, tún tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ayàwòrán, dúdú náà ni. Ìlà tín-ín-rín kan ni à ń wá, òru la rí.

"Mọ́mì, mo ti kú," ló wí.

"O ò tíì kú. Jókòó."

Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ láàbù ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà nígbà náà, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbàgbé orúkọ mi, Ìyá Láàbù ni gbogbo wọn ń pè mí. Omijé akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè bá mi lójijì, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí dùn mí. Iléeṣẹ́ oògùn kan ní Agbára ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, bó bá lè gboyè. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni olùdánwò ń bọ̀, ọkùnrin náà sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu, àfi kí òun fojú rí i. Bí kò bá rí i, ó di ọdún tó ń bọ̀, Agbára á sì mú ẹlòmíràn.

Kí ló fẹ́ rí? Ewé kan wà tí ìyá àgbà Rúkáyátù, ọmọ bíbí Ọ̀tà, máa ń gún fún àwọn òṣìṣẹ́ tí irin gbígbóná bá jó lára, tí egbò wọn á sì tètè jinná. Purotéènì kan ń bẹ lára wa tó máa ń pàṣẹ fún awọ pé kó dàgbà. Rúkáyátù ní ewé yẹn ló ń jẹ́ kó pọ̀ sí i lójú egbò. Ó ti fi ewé náà sí egbò àwọn eku kan, kò fi sí ti àwọn mìíràn. Ó kù kó wá purotéènì náà nínú ẹran ara wọn.

Áńtíbọ́dì la fi ń wá a. Ó dà bí ọlọ́pàá tí wọ́n fún ní fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo: bó bá wọ àárín èrò, ẹni yẹn nìkan ni yóò dì mú. A ó tẹ́ àwọn purotéènì inú ẹran náà sórí abala funfun kan tó jọ bébà, a ó da áńtíbọ́dì lé e, a ó sì fọ̀ ọ́. Ibi tó bá dì mú ni ìlà dúdú á ti yọ. Ṣùgbọ́n áńtíbọ́dì ya ọ̀lẹ díẹ̀. Bó bá rí àyè tó ṣófo lórí abala náà, á jókòó síbẹ̀, á pa iṣẹ́ tì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́kọ́ rẹ abala náà sínú mílíìkì oníyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi, kí purotéènì inú mílíìkì ti gba gbogbo àyè náà.

Mo tún wo abala dúdú yẹn. Kò síbi tí áńtíbọ́dì ò jókòó sí. Ni ọkàn mi bá lọ sí agolo mílíìkì.

Èèwọ̀ ni kéèyàn tọ́ nǹkan wò nínú láàbù. Mo pa òfin mọ́: ìta ni mo gbé agolo náà lọ kí n tó lá a. Ó dùn bíi súwíìtì, bẹ́ẹ̀ mílíìkì wa kì í dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Fẹ́mi!"

Ẹlẹgbẹ́ mi tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa ni Fẹ́mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó lè gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé, kò lè gbàgbé gààrí ọ̀sán.

"Ta ló pààrọ̀ mílíìkì yìí?"

Ó wolẹ̀. "Mọ́mì, oòrùn yẹn ló pọ̀. Mo kàn ń bu díẹ̀ sí gààrí ni."

"Díẹ̀?"

"Díẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó tán, ojú tì mí, mo wá ra òmíràn ní ọjà Ṣàngó dà sí i."

Èyí tó rà ni ti inú ọ̀rá kéékèèké, tó funfun bíi mílíìkì, tó sì jẹ́ pé ṣúgà àti òróró ló kún inú rẹ̀. Èèyàn lè fi mu tíì, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó dí àyè kankan lórí abala.

"Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ fi iṣẹ́ mi mu gààrí!" Rúkáyátù figbe ta. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí.

Ìgò áńtíbọ́dì náà ti gbẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́, oṣù á sì gorí oṣù kí òmíràn tó dé.

"Èyí tó o ti lò ńkọ́?" mo bi í.

"Ó wà nínú fíríìjì. Ẹ̀yin lẹ ní ká má máa dà á nù."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi. Áńtíbọ́dì tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣì lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. A lè fi omi kan tó le fọ áńtíbọ́dì kúrò lórí abala náà, kí purotéènì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ká sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí omi náà bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ. Rúkáyátù bẹ̀ mí pé kí n bá òun ṣe é. Mo gbà á, mo sọ bísímílà, mo sì ń rọra mì ín bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Fẹ́mi ti gun ọ̀kadà lọ sí Ṣàngó. Kó tó ra mílíìkì, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà fún mi lórí fóònù, títí kan "ẹ tọ́jú síbi tó tutù". Nígbà tó dé, a rẹ abala náà sínú mílíìkì tuntun, a sì da áńtíbọ́dì inú fíríìjì lé e.

Nígbà tá a gbé abala náà sábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, Rúkáyátù ò lè wò ó. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. Ó funfun báláú. Níbi ti àwọn eku tí kò rí ewé, ìlà kan wà tó ṣì bàìbàì. Níbi ti àwọn tó rí ewé, ìlà náà dúdú, ó nípọn, ó dá dúró gedegbe.

"Lajú ẹ," mo ní.

Ó lajú, ó sì bú sẹ́kún. Fẹ́mi náà ń sunkún, kò jẹ́ ká rí ojú òun. Inú mi dùn gan-an. Lọ́jọ́ Ẹtì, olùdánwò gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, mo ti rí i."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ mi, àwọn àlejò sì máa ń rò pé èyí tí wọ́n ń yà fún aláboyún ni. Wọ́n á ní, "Ìyá, ọmọ ta lèyí?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Rúkáyátù ni. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára."