Ẹ́ńjìnnì Tí Ìyá Ìyá Mi Yàn

Omi inú dúrọ́ọ̀mù tí a ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ̀ ń ru, èéfín bo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́, ìyá ìyá mi sì káwọ́ sẹ́yìn dúró ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i. Omi kànga ló ń fi ṣan iyọ̀ ọ̀sà kúrò nínú rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó na ìka sí omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bí eléyìí bá ń jáde, ara rẹ̀ tutù nìyẹn. Bó bá dáwọ́ dúró, pa á kíá.”

Bàbá ìyá mi ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú, ṣùgbọ́n òun ló yan ẹ́ńjìnnì. Mo bá wọn lọ sí Ìkòròdú lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin fẹ́ èyí tó tóbi.

“Màmá, eré lèyí máa sá o.”

“Ta la fẹ́ bá sáré? Ìdí ọkọ̀ wa ló máa tẹ̀ rì. Èyí tí mo lè rí sípíà rẹ̀ rà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́.”

Ó ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kó tutù pátápátá kó tó fa okùn rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó máa ń jí láìjẹ́ pé ó ti gbóná. Ó tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó gbóòórùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń wò ó. Orí mi wú.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ náà lọ ra ẹja lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, a wà ní abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà nígbà tí ìyàwó apẹja kan ń rọbí. Agbẹ̀bí ní ẹsẹ̀ ọmọ ló ń bọ̀ níwájú, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ rẹ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò jí.

“Ìyá, ẹ gbà mí.”

“Gbé e wá sínú ọkọ̀ mi.”

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Òjò dé bá wa lójú omi, ìgbì ń gbá wa lójú, obìnrin náà ń kérora lórí àpò tí a tẹ́ fún un. Ìyá ìyá mi ò wo ìgbì. Omi tín-ín-rín yẹn ló ń wò, ó di ọwọ́ ìdarí mú ṣinṣin. Ẹ́ńjìnnì náà ò wúkọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Ìyá yè, ọmọ yè. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyá mi.

“Alhamudulilai,” ni ó wí. “Dìde. Lọ tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ.”

Nígbà tí a délé, aṣọ tútù ṣì wà lára rẹ̀ tó fi lọ pọn omi láti fọ tiwa.

Ní Itamaga, ní Ìkòròdú, tí mo ti ń ta ẹja dídì báyìí, wọ́n ní mo ti le jù lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń mú ẹ̀rọ amúǹkan-dì mi ṣiṣẹ́, pé kò tíì bàjẹ́ tí mo fi ń pe mẹkáníìkì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí obìnrin méjì nínú ọkọ̀ kan rí, lójú òjò, ọ̀kan ń rọbí, èkejì ń wa ọkọ̀. Èkejì yẹn ló bí ìyá mi.