Ẹ̀rín Ẹrú Nínú Ìwé Bàbá Bírò

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Bírò tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó wọ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lámèyítọ́ kan, olùkọ́ yunifásítì, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn náà pé ìwé tí bàbá kọ nípa ìgbésí ayé àwọn ẹrú mẹ́hẹ. Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi bírò pupa fa ìlà sídìí gbogbo àṣìṣe ọkùnrin náà, ó bá a níbẹ̀, ó gbé bébà síwájú rẹ̀, ó ní: "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dáa. Òye ló kù díẹ̀ káàtó."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹnì kan ṣèèṣì sọ pé ìwé náà gùn jù. Bàbá fò dìde pẹ̀lú ìlàjì irun lórí, ó jiyàn títí onígbàjámọ̀ fi ti ṣọ́ọ̀bù. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá kò fi ṣí fìlà lórí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúrò ní eré lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ pè é. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, atẹ̀wé ti ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Lámèyítọ́ yẹn gan-an ló jókòó sí àárín wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó ní, "àwọn ẹrú inú ìwé yín ń rẹ́rìn-ín jù. Ta ló ń jẹ irú ìyà yẹn tó ń rẹ́rìn-ín?"

Bàbá dìde dúró.

"Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n rà á. Àpá pàṣán ẹ̀yìn rẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Obìnrin yìí kan náà ló máa ń sín olówó rẹ̀ jẹ, bó ṣe ń hanrun, tí a ó máa fi ẹ̀rín yí mọ́lẹ̀. Wọ́n ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gba ẹ̀rín ni?"

Lámèyítọ́ ṣí ojú ewé mìíràn. "Mo gbà, bàbá. Olówó ẹrú inú ìwé yín ńkọ́? Ó kàn ń jágbe, ó ń jẹun. Ẹ ò jẹ́ kó jẹ́ èèyàn."

Bàbá yọ bírò pupa, ó tún dá a padà sápò. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn di báàgì rẹ̀ mú gírígírí; kò rí irú rẹ̀ rí láti ogójì ọdún.

"Ẹ̀rù ló bà mí," bàbá wí níkẹyìn. "Mo rò pé bó bá jẹ́ èèyàn, ẹ ó dárí jì í."

"Bó bá jẹ́ èèyàn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó máa wúwo, bàbá."

Bàbá rọra jókòó. "Ó yẹ kí n fún ọmọ yìí ní mẹ́fà," ó kùn.

Ìgbìmọ̀ fún un ní oṣù mẹ́ta láti tún ìwé náà kọ. Kó lè mọ inú olówó ẹrú, ó pàṣẹ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé kó wá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òun. Ìyàwó bọ́ ọ, ó pọn omi kún un, ó dá a padà fún un: "Olówó mi, ẹ wọ̀ ọ́."

Ọjọ́bọ̀ ló parí ìwé náà. Ọjọ́ Àìkú ló kú, lójú oorun.

Nígbà tí lámèyítọ́ wá kí opó, opó ní kó ka orí tuntun tí bàbá kọ sínú ìwé náà fún òun, nítorí ojú òun ò ríwèé kà dáadáa mọ́. Níbẹ̀, olówó ẹrú di ojú egbò ọmọdébìnrin kan láàárọ̀, ó ń kọrin fún un kó má baà sunkún. Lọ́sàn-án, ó tà á. Lámèyítọ́ pa ìwé dé.

"Máa kà á lọ," ìyá opó wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọ ibẹ̀ yẹn, kò lè jẹun. Èmi rò pé ọbẹ̀ mi ni ò dùn, mo bá a jà títí." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ta ni mo wá fẹ́ máa bá jiyàn báyìí?"

Ìgbìmọ̀ gba ìwé náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni lámèyítọ́ ń wá jókòó ti ìyá, kí ìyá lè rí ẹni bá jiyàn.