Ìyá Afọṣọ Tí Mo Mú Lọ Sípàdé Wa

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Sùúrùlérè, ni mo dara pọ̀ mọ́ àwọn kan tó ń ṣèpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá. Àwa bí ogún ni, ọ̀dọ́ sì ni gbogbo wa. Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan la máa ń lò lọ́sàn-án Sátidé. A ó to àga yípo, a ó wá máa sọ̀rọ̀ nípa òṣì, nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nípa bí ọmọ èèyàn ṣe ń rẹ́ ọmọ èèyàn jẹ. Nǹkan le nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló kàwé tán tí kò ríṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ̀ wá lára. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń darí wa. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Ó ti gbé ìlú òyìnbó pẹ́. Ní Sátidé kan, ó sọ bí òun ṣe wá yàrá kiri nínú òtútù lọ́hùn-ún, tí àwọn onílé á rí àwọ̀ òun, tí wọ́n á sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú. Àwọn ọmọbìnrin méjì sunkún. Ìgbà tó sọ ọ́ tán, ó wo ojú wa yí ká.

Ó ní, "Ó dáa. Ta ni àwa ń ṣe irú rẹ̀ sí níbí?"

Ni mo bá nawọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nílé tiwa o, a kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ègùn ni ìyá tó ń bá wa fọṣọ, ẹbí la mú un."

Inú rẹ̀ dùn. Ó béèrè bóyá màmá náà lè wá bá wa sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí wàhálà, màá mú wọn wá.

Màmá yìí ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Apá Ìdó ni wọ́n ń gbé. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á jókòó lẹ́yìn ilé láàárín bàsíà mẹ́ta, wọ́n á fọṣọ wa títí oòrùn á fi mú. Ìyá Ègùn la máa ń pè wọ́n. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tí n kò béèrè orúkọ wọn. Àwọn sì rèé, "Àǹtí" ni wọ́n ń pè mí, èmi tí wọ́n lè bí.

Nígbà tí mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wá, aṣọ ni wọ́n ń fún lọ́wọ́.

"Kí ni màá wá sọ, Àǹtí?"

"Ẹ sáà sọ bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn tí kò ní. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe sí yín."

Wọ́n gbọn aṣọ ọwọ́ wọn, wọ́n sá a. "Ó dáa. Màá wá."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ dáadáa, wọ́n wọ bàtà tí n kò rí lẹ́sẹ̀ wọn rí. Ẹ̀gbọ́n dìde fún wọn, ó fi wọ́n jókòó sáàárín wa. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe sí yín níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Ohùn Ègùn dún díẹ̀ nínú Yorùbá wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló yé wa.

"Ilé Àǹtí yìí, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n kì í bú mi. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní kọ́ọ̀bù tèmi nìkan. Ẹ̀yìn ilé ló ń wà, lórí fèrèsé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún nídìí kí ẹlòmíì má bàa ṣì í mú. Wọ́n ní kí n máa mu omi ẹ̀rọ tó wà níta, kí n má ṣe wàhálà láti wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ń gbọ́ bí fáànù òkè ṣe ń ké.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi bi wọ́n pé, "Màmá, ta ló fún yín ní kọ́ọ̀bù yẹn?"

Èmi ni wọ́n ń wò. Gbogbo àwọn tó kù náà yíjú sí mi.

Èmi ni mo fún wọn. Ìgbà tí mo wá lo ìsinmi láti yunifásítì, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ọ̀bù mi mumi, ara mi sì bù máṣọ. Mo wá kọ́ọ̀bù tánganran kan tó ti bó lẹ́nu, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná sàmì sí ìdí rẹ̀, mo gbé e fún wọn. Ìyá mi tiẹ̀ bá mi wí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú pọ̀ lára mi ní gbọ̀ngàn yẹn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá mi ni. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe rí."

Màmá afọṣọ kò mójú kúrò lára mi. Wọ́n wá rọra mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Ìyá wọn ni."

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pápá Àjàó, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ládùúgbò náà. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi bá ìyá mi dá àpárá pé, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń ya kọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ fún Ègùn!"

Ìyá mi dé lálẹ́, wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi pè mí.

"Èmi ni mo fún ìyá yẹn ní kọ́ọ̀bù?"

Mo kúnlẹ̀.

"O mú mi lọ tà níwájú àwọn tí n kò mọ̀, kí ojú má bàa tì ọ́." Wọn kò pariwo. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọn kò sì bá mi jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Tọ́sìdeè, mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo lọ bá màmá afọṣọ lẹ́yìn ilé. Mo lóṣòó tì wọ́n. Mo ní mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo sì fẹ́ dúpẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn mi débi tí wọ́n fi bò mí láṣìírí.

Wọ́n ń fi ọṣẹ pa kọ́là aṣọ. Wọn kò dúró.

"Àǹtí, ẹ ní kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi. Mo sọ ọ́. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní ìyá mi ni?"

"Tí mo bá pè yín ní onírọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ilé ta ni màá ti wá fọṣọ lónìí?" Wọ́n fa bàsíà súnmọ́ ara wọn. "Ẹ dìde níbẹ̀, omi á ta sí yín láṣọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí jẹ́ jù. Mo ti fi odindi ọjọ́ márùn-ún gbà pé ìfẹ́ ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dìde nípàdé, mo jẹ́wọ́. Mo sọ pé èmi ni, pé mo parọ́ mọ́ ìyá mi, pé ẹ̀rù iṣẹ́ tó lè bọ́ ló mú kí màmá gbè mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù sì gbà á. Wọ́n ní mo láyà. Wọ́n ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Kò sẹ́ni tó béèrè bí màmá náà ṣe ń ṣe.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Yábàá dé ilé. Kí ọdún náà tó parí, màmá afọṣọ sọ fún ìyá mi pé àwọn ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ní apá Àgbádárìgì. Ìyá mi ni wọ́n dágbére fún. Èmi wà níléèwé lọ́jọ́ náà. A kò gba ẹlòmíì. Èmi ni mo ń fọṣọ ilé títí mo fi lọ sílé ọkọ, ìyá mi kò sì fìgbà kankan sọ pé mo fọ̀ ọ́ dáadáa.

N kò tún sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má lọ tún yìn mí.