Ẹni Tó Jókòó ti Kànga

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta. Ọmọdé mọ́kànlélógójì ló wá síbi tí a ti ń ṣí yàrá ìkàwé nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa. Òbí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kó wọn wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọmọ, kò sì bí ìkankan nínú wọn.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn àdúgbò, tó ń ṣí i, tó ń tì í. Láti oṣù kẹwàá ni ìdérí kànga ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti fọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ fún alága àdúgbò; ẹ̀ẹ̀mẹta ni alága ní òun ti gbọ́. Ó wá fi pákó méjì bo ẹnu kànga. Àlàfo àárín wọn gba ọmọdé. Nítorí náà ló ṣe gbé àpótí tì í lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ ń gun àga, wọ́n ń fa ìwé tuntun ya. Fóònù ni àwọn òbí ń wò. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan, ọmọ aránṣọ, wá sídìí pákó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá fà á padà wọlé.

Ọmọ náà tún ti ń bọ̀ nígbà tí alága yọrí lójú fèrèsé.

"Màmá, àga ò tó o! Àbí kànga ló ń san owó iṣẹ́ yín ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá dìde.

Kò pẹ́ ni aránṣọ gbójú sókè.

"Ọmọ mi dà?"

A sáré dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àpótí ṣófo. Bàtà ọmọ kan ṣoṣo wà lórí pákó. Aránṣọ ṣubú lulẹ̀, igbe ta. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú kànga. Omi dúdú nìkan ni mo rí.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ló ń jáde bọ̀ láti yàrá ẹrù tó kọjú sí kànga, àga mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́ta lọ́wọ́ òsì. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi ìborùn pọ̀n ọ́n pinpin, ó ń sùn, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀.

Aránṣọ fò dìde. "Mọ́mì! Ẹ gbọ́mọ mi pọ̀n, ẹ ò sọ fún mi!"

"Orí pákó ni mo ti gbé e, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Mo pè ọ́ lójú fèrèsé. O ní kí n ní sùúrù, ò ń ya fídíò. Ọwọ́ mi méjèèjì ni alága fẹ́. Ẹ̀yìn mi ló kù fún ọmọ rẹ."

Aránṣọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ lajú, ó ní òun fẹ́ mu omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Ara tù mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alágbẹ̀dẹ ti gbé ìdérí irin dé. Iṣẹ́ wákàtí kan. Oṣù márùn-ún ni alága fi ń sọ pé òun ti gbọ́.

Ìwọ tó kó ọmọ wá sáàárín èrò, tí o wá jókòó ti ìwé yìí: pa á dé. Dìde. Lọ fi ojú ara rẹ wo ibi tí ọmọ rẹ wà.