Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run ní Ọ́fíìsì Ọ̀dà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, ọ̀gá mi fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá kan, ó rọra ká aṣọ funfun kúrò lórí nǹkan kan bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó, ó ní, "Kọ̀ǹpútà nìyí. Ìwọ ni ayàwòrán. Máa yàwòrán." Mo bi í pé kí ni kí n yà. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ láti òkè." Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀, ìwé náà kò dé.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Gbogbo nǹkan ló wọ́n, epo bẹntiróòlù sì wọ́n ju omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Wọ́n dá ọ́fíìsì wa sílẹ̀ láti múra de ọ̀dà Agbábù, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Tí oòrùn bá mú gan-an, fúnra rẹ̀ ló ń sun jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa wà á. Àwa méjì péré la wà ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá ń ka ìwé ìròyìn láti òkè délẹ̀, títí kan ìkéde òkú. Èmi ń wo kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà, á wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, wọ́n máa ń ṣe eré òyìnbó kan lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, nípa àwọn kan tó ń gbé inú ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Mi ò rántí orúkọ òṣèré kankan. Ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Ó gùn, ó sanra ní ìdí, imú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Mo pinnu pé màá kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ohun tí à ń pè ní àwòrán lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà, ìlà lásán ni. Èèyàn á kọ́kọ́ to àmì kéékèèké sójú rẹ̀, á fi ìlà so wọ́n pọ̀, títí yóò fi rí bí àgò tí wọ́n fi ń bo adìẹ. Tí mo bá fẹ́ yí i padà kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ronú. Mo lè rìn dé gáréèjì lọ jẹ bọ̀ọ̀lì kó tó ronú tán. Èyí tó tún le jù ni pé apá òsì ọkọ̀ náà nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn nínú eré. Apá ọ̀tún, orí ara mi ni mo fi dá a. Imú nìkan gbà mí ní oṣù mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Akinṣọlá wọlé. Àgbẹ̀ kòkó ni ní Agbábù, alàgbà ìjọ sì ni. Gbogbo ìgbà tó bá wá sí ọjà Ọ̀rẹ̀ ló máa ń yà bèèrè ìgbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá mi á sì ní, "Láìpẹ́, Bàbá." Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ kí èmi ọmọ Èkìtì lè gbọ́, àfi tí inú rẹ̀ bá ru, tí èdè Ìkálẹ̀ wọn á fò jáde. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ń jẹun ní yàrá kejì. Bàbá yọjú sí mi, ó rí ọkọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ó dúró.

"Ọma mi," ó ní, "ṣé katapílà tí ẹ máa fi wa ọ̀dà nìyí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n etí ọ̀gá ò jìnnà, epo ìjọba ló sì wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń ṣeré. Mo ní, "A ṣì ń tún un ṣe ni, Bàbá."

Ó sún mọ́ ọn, ó tẹ orí síwájú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré," ó ní. "Tí oòrùn bá mú, ulẹ̀ wa á rọ̀. Ulẹ̀ yẹn á gbé e mì dé orúnkún."

Mo wo ẹsẹ̀ mẹ́ta tí mo ṣe sábẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n rí tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Háà, òótọ́ ni bàbá sọ! Ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ibo ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn dúró sí? Àwọn òyìnbó tó ṣe eré náà pàápàá kò rò ó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí bàbá rò pé òun ń wò. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ máa mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá rí àléébù iṣẹ́ rẹ tí ìwọ ò rí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fún un lọ́mọ fẹ́.

Mo sọ ẹsẹ̀ náà di fífẹ̀, mo sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún Bàbá, láti ìgbà náà gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa gun òkè yẹn? Ṣé àkàbà ni kálukú máa gbé wá láti ilé?" Mo fi àtẹ̀gùn sí i.

"Dírẹ́bà ńkọ́? Kò lè rí iwájú." Mo ṣí fèrèsé fún dírẹ́bà.

"Òjò ńkọ́?" Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé òjò kì í rọ̀ láàárín ìràwọ̀. Mo gbé e mì, mo fi ìbòrí sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà sì ń dára sí i lójoojúmọ́, orí mi ń wú.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyàwó rẹ̀ ló wá. Ó gbé púpurú ńlá méjì, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, àti odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá ní kí n kí ọ o," ó ní. "A ti ṣe ìdúpẹ́ katapílà yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kòkó ni Bàbá ń gé lọ́wọ́ báyìí, kí katapílà lè ríbi dúró sí tó bá dé."

Mo fò dìde. "Kòkó wo, Mà?"

"Tẹ̀bá ọ̀nà. Èyí tó ń so jù."

Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo fò sórí ọ̀kadà kan, mo ní kó máa sáré lọ sí Agbábù. Ọlọ́kadà bi mí bóyá ìyàwó mi ń rọbí níbẹ̀ ni. Mo ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, kòkó mẹ́ta ti wà nílẹ̀ tèso tèso, alágbàṣe méjì gbé àáké dání, wọ́n ti kojú sí ìkẹrin. Bàbá fúnra rẹ̀ ń fi okùn wọn ilẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo sọ fún un gẹ́lẹ́. "Ọma mi, o bá wa níbẹ̀!" ó ní. "Wá wò ó bóyá ó tó."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé kòkó. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má gé e mọ́. Kì í ṣe katapílà. Ọkọ̀ inú eré tẹlifíṣọ̀n ni. Kò sí níbì kankan láyé, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà."

Alágbàṣe kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò ó, alágbàṣe náà sì gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá jókòó sórí igi tó wó, ó ń ká okùn rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Ṣé ìjọba mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí?" ó bèèrè nígbà tó yá.

"Rárá, sà."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Òun náà kò mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Láti ayé bàbá mi ni wọ́n ti ń wá síbí. Wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ẹran ìgbẹ́ wa, wọ́n á lọ. Kò sí ẹnì kan tó padà wá rí kó ní irọ́ lòun pa. Ìwọ ni àkọ́kọ́." Omi dà lójú mi. Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Igi mẹ́ta lo wó. Mẹ́ta lo máa gbìn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní kí n fẹnu ara mi ṣàlàyé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dì mọ́ bẹ́ǹṣì. Alùfáà ní àwọn ò ní gba ọpẹ́ yẹn padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó wo ọkọ̀ náà títí, ó ní, "Nǹkan gidi ń jáde ní ọ́fíìsì yìí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi?"

Bí mo ṣe di àgbẹ̀ ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Bàbá á dúró tì mí. "Ihò yẹn kéré," á wí, màá sì tún un gbẹ́. Mo pọnmi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn méjì, títí ọmọ kòkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi múlẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ tòun tọkọ̀ mi nínú. Mo di ẹni tó ń ya ilé fún àwọn èèyàn ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà tèmi, ọkọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ tún kọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífẹ̀. Àwọn tó mọ eré náà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn tó ṣe é kò tíì dé Agbábù ni.

Lọ́dún yẹn ni mo lọ kí Bàbá. Ó ti ń tẹ̀pá, ṣùgbọ́n ó mú mi dé ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn kòkó náà ti ga jù mí lọ, èso pupa so rọ́gbọ́dọ́ lára wọn. Ó já ọ̀kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Àwọn àlejò ṣì ń wá," ó ní. "Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ọ́fíìsì ọ̀dà ṣe fún wa, igi mẹ́ta yìí ni mo máa ń mú wọn wá wò."